Ètò Wo Ló Yẹ fún Fọ́tò RAW?

Ìyàwó wọ léèsì funfun báláú. Ọkọ rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin, ó wọ etù. Oòrùn ọ̀sán Ògbómọ̀ṣọ́ ń ràn lé àwọn méjèèjì lórí. Bí kámẹ́rà bá fi JPEG, irú fáìlì fọ́tò tó wọ́pọ̀, tọ́jú fọ́tò yìí, àfàìmọ̀ kí ihò ara léèsì má pòórá sínú funfun, kí ìlà ara etù sì wọnú òkùnkùn.

Kámẹ́rà ti se JPEG jinná: ó ti pinnu àwọ̀, ó sì ti da ohun tó kù nù. RAW, ìyẹn fáìlì tó kó ohun tí kámẹ́rà rí pamọ́ láìtíì tún un ṣe, ṣì wà ní tútù. RAW 14 bit lè gba ìpele ìmọ́lẹ̀ 16,384, ṣùgbọ́n 256 péré ni JPEG ní fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ayàwòrán fi lè fa ìmọ́lẹ̀ léèsì wálẹ̀ kí ihò rẹ̀ tún yọ. Àmọ́ bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kún àkúnwọ́sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yà á, kò sí ètò kọ̀ǹpútà (software) tó lè dá a padà.

Iṣẹ́ méjì ni èèyàn ń fi ètò ṣe sí fọ́tò RAW, àwọn èèyàn sì sábà máa ń dà wọ́n pọ̀: ṣíṣà àti títúnṣe. Ṣíṣà ló ń jẹ àkókò jù. Ẹni tó ya fọ́tò 1,500 níbi ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ wo gbogbo wọn kó tó mú 200. Nínú ọ̀pọ̀ fáìlì RAW, kámẹ́rà ti fi JPEG kékeré kan pamọ́ síbẹ̀. Òun ni Photo Mechanic, ètò tí wọ́n fi ń ṣa fọ́tò, máa ń gbé síta, ìyẹn ló fi yára. Ètò tó bá fẹ́ kọ́kọ́ se RAW kọ̀ọ̀kan kó tó fi hàn yóò máa wọ́ lórí láàpútọ́ọ̀pù tí agbára rẹ̀ kéré.

Ní ti títúnṣe, owó ni wọ́n ń san fún Lightroom àti Capture One. Ọ̀fẹ́ ni darktable àti RawTherapee, wọ́n sì lágbára gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé darktable ń fẹ́ sùúrù.

Àwọn ètò wọ̀nyí kì í fọwọ́ kan àwòrán inú RAW. Ìtọ́sọ́nà ni wọ́n ń kọ sílẹ̀: dín ìmọ́lẹ̀ kù níbí, fi pupa díẹ̀ kún un lọ́hùn-ún. darktable ń kọ tirẹ̀ sínú fáìlì .xmp lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Lightroom Classic ń kó tirẹ̀ jọ sínú àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní catalog. Ẹni tó kó fọ́tò lọ sórí háàdì dìráìfù tuntun tó sì gbàgbé àkójọ yẹn lè bá RAW tútù níbẹ̀, bí ẹni pé kò ṣiṣẹ́ kankan rí. Ètò kan kì í sì í ka ìtọ́sọ́nà òmíràn bó ṣe yẹ, nítorí náà ó dára kí èèyàn fara balẹ̀ yàn kí iṣẹ́ tó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kó tó sanwó, kó wò ó bóyá ètò náà mọ kámẹ́rà rẹ̀. Láti 2018 ni Canon, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kámẹ́rà, ti ń lo CR3, irú fáìlì RAW tirẹ̀. Ètò tó ti wà ṣáájú rẹ̀ tí wọn kò sì tíì sọ di tuntun kò mọ̀ ọ́n. Adobe DNG Converter, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè yí i padà sí DNG, irú fáìlì RAW ti Adobe tí ọ̀pọ̀ ètò mọ̀. Lẹ́yìn náà, kó gbé fọ́tò léèsì àti etù yẹn sínú ètò méjì lórí láàpútọ́ọ̀pù kan náà. Kó yọ wáyà iná, kó ní kí ètò kọ̀ọ̀kan se 50 fọ́tò, kó sì wo ibi tí bátìrì já sí.