Kí ló dé tí wọ́n fi ń gbé èèyàn sórí sìkéèlì kó tó yọ̀ lórí síláìdì omi?

Ìgbà ooru dé sílùú òyìnbó, ilé ìwé ti gba họlidé, àwọn ọmọ sì ti ń da bàbá àti ìyá wọn láàmú pé àwọn fẹ́ lọ sí páàkì omi. Orí àtẹ̀gùn síláìdì, ìyẹn páìpù tàbí ojú ọ̀nà gíga tí omi ń ṣàn lórí ẹ̀ téèyàn ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀, ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá tò títí tẹ́ ẹ dé òkè, ọmọ iṣẹ́ kan á ní kẹ́ ẹ gun sìkéèlì tí wọ́n fi ń wọn ìwúwo lójú gbogbo èèyàn. Mo kó àwọn ìbéèrè táwọn èèyàn wa máa ń bèèrè nípa ẹ̀ jọ, mo sì fẹ́ dáhùn wọn dáadáa, torí ọ̀rọ̀ yìí ti gbẹ̀mí ọmọ rí.

Ìbéèrè: Kí ló kan síláìdì nípa bí mo ṣe sanra tó? Ṣé kí n má baà kán an ni?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ wọ́n máa ń ṣírò ohun tí páìpù lè gbé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣọ́ jù ni eré tẹ́ ẹ máa sá àti ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí. Téèyàn bá ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀, ohun méjì ló ń fà á sẹ́yìn: ara síláìdì tó ń họ ọ́ lẹ́yìn, omi ló sì ń jẹ́ kí ìyẹn dín kù, àti atẹ́gùn tó ń kọlù ú. Ẹni tó jẹ́ kílò 130 wúwo ju ẹni kílò 65 lọ ní ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ara ẹ̀ ò fẹ̀ tó ìlọ́po méjì, torí náà atẹ́gùn ò lè dá a dúró bó ṣe ń dá ẹni tó fúyẹ́ dúró, eré ẹ̀ á máa le sí i ni. Tó bá wá dé ìsàlẹ̀, omi tó wà níbẹ̀ ló máa gba eré yẹn lára ẹ̀, wọ́n sì ti ṣírò bí ibẹ̀ ṣe máa gùn tó fún ìwúwo kan pàtó. Ẹni tó bá kọjá ìwúwo yẹn lè fẹsẹ̀ gbá ògiri tó wà lópin.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ síláìdì téèyàn ń fi ara lásán yọ̀ fi ń kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù pé 300 páùn ló pọ̀ jù fún ẹnì kan, ìyẹn bíi kílò 136. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ rọ́bà lẹ jókòó sí, ìwúwo gbogbo yín ni wọ́n á rò pọ̀.

Torí náà, ẹ má mú un bí ìwọ̀sí. Èyí tó ń bí mi nínú ni tàwọn páàkì tó ń jẹ́ kí nọ́ńbà hàn gàgàrà kí gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn lè kà á. Kò pọn dandan. Sìkéèlì tó ń tan iná pupa tàbí iná aláwọ̀ ewé nìkan wà, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, kò sì sẹ́ni tójú máa tì.

Ìbéèrè: Ọmọ mi tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ńkọ́? Ṣebí òun ò lè wúwo jù.

Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ fọkàn sí. Ẹni tó fúyẹ́ jù náà ní ewu tiẹ̀. Lórí síláìdì tó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó tún gun òkè padà, ọkọ̀ tó fúyẹ́ lè má lágbára tó láti gun òkè yẹn, á kàn dúró sáàárín tàbí kó yọ̀ padà sẹ́yìn, tí ọkọ̀ mìíràn bá sì ti ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n máa kọlura nìyẹn. Àwọn síláìdì kan máa ń fi pọ́ǹpù tu omi gbá ọkọ̀ lẹ́yìn kó lè gun òkè, agbára omi yẹn náà sì ní ìwúwo tí wọ́n ṣe é fún.

Ọ̀rọ̀ gíga náà tún wà ńbẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 122 lẹ máa ń rí lára ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù. Ọmọ tí ò ga tó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ò ní dé ibi tí wọ́n ń dì mú dáadáa, tó bá sì dé ìsàlẹ̀, omi tó dé àyà yín lè bo òun lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ bàtà gíga fún ọmọ kó lè kọjá níbi igi tí wọ́n fi ń wọn gíga. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é.

Ìbéèrè: Ọmọ tó kú ní Kansas yẹn, ṣé wọ́n wúwo ju bó ṣe yẹ lọ ni?

Rárá, ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Verrückt ni wọ́n ń pe síláìdì yẹn, ní páàkì Schlitterbahn ní Kansas City, ìpínlẹ̀ Kansas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Oṣù keje ọdún 2014 ni wọ́n ṣí i. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 168 lọ, bíi mítà 51, kò sì sí síláìdì omi tó ga tó o láyé nígbà yẹn. Èèyàn mẹ́ta ló ń jókòó tẹ̀léra nínú ọkọ̀ rọ́bà kan, wọ́n á já bọ́ láti òkè gíga yẹn, wọ́n á gun òkè kékeré kan, wọ́n á tún sọ̀kalẹ̀. Òfin ibẹ̀ ni pé ìwúwo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ wà láàárín 400 sí 550 páùn, wọ́n sì ń wọn èèyàn lóòótọ́.

Lọ́jọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 2016, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 10 kan, tí bàbá ẹ̀ jẹ́ aṣòfin ní Kansas, jókòó síwájú, obìnrin méjì tí kì í ṣe ará ilé ẹ̀ sì jókòó sẹ́yìn ẹ̀. Ọmọ yẹn jẹ́ 74 páùn, àwọn obìnrin yẹn jẹ́ 275 àti 197. Ẹ rò ó pọ̀, 546 ló máa fún yín. Wọn ò rú òfin kankan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé iwájú fúyẹ́, ẹ̀yìn wúwo, bí ọkọ̀ yẹn ṣe dé orí òkè kejì, ó fò kúrò lára síláìdì, ó sì lọ gbá irin tí wọ́n fi gbé nẹ́ẹ̀tì ró lókè. Ọmọ náà kú, àwọn obìnrin méjèèjì fara pa lójú. Àpapọ̀ ìwúwo nìkan ni sìkéèlì ń sọ, kò lè sọ bí ìwúwo yẹn ṣe pín láti iwájú dé ẹ̀yìn, ibẹ̀ gan-an sì ni ikú gbà wọlé.

Kì í ṣe pé àmì ò tíì hàn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń dán an wò kí wọ́n tó ṣí i, ọkọ̀ tí wọ́n kó àpò yanrìn sí fò jáde, wọ́n sì ní láti wó apá kan kí wọ́n tún un kọ́. Bẹ́líìtì ibẹ̀, irú èyí tó kàn ń lẹ̀ mọ́ra bíi ti bàtà ọmọdé ni. Wọ́n kọ́kọ́ ní ọmọ tí ò tíì pé ọdún 14 ò gbọ́dọ̀ gùn ún, wọ́n tún wá yọ òfin yẹn kúrò, ó wá ku ọ̀rọ̀ gíga nìkan.

Ẹ máa bi mí pé níbo ni ìjọba wà? Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1981 ni wọ́n ti gba àṣẹ lórí irú eré páàkì tó dúró sójú kan kúrò lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣòfin tiẹ̀. Ìlànà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní ASTM F2376 wà ní Amẹ́ríkà fún síláìdì omi, Yúróòpù náà ní tiẹ̀, ìyẹn EN 1069, ṣùgbọ́n ìlànà ò lè rìn fúnra ẹ̀, àfi tẹ́nì kan bá wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Kansas nígbà yẹn, àwọn páàkì lè yẹ ara wọn wò. Ọdún 2017, lẹ́yìn tí ọmọ ti kú, ni wọ́n tó ṣòfin tó le sí i. Wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn tó kọ́ síláìdì náà lọ́dún 2018, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù lọ́dún 2019 torí pé wọ́n fi ohun tí kò yẹ han àwọn ìgbìmọ̀ tó gbé ẹ̀sùn kalẹ̀. Wọ́n ti wó síláìdì yẹn kó tó dìgbà náà.

Ìbéèrè: Ta ló wá yẹ kó jókòó síwájú?

Ẹni tí ọmọ iṣẹ́ bá ní kó jókòó síbẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ tó ṣe síláìdì kọ̀ọ̀kan ló mọ bí tiẹ̀ ṣe rí, èyí tó tọ́ níbì kan lè má tọ́ níbòmíì. Àwọn òbí kan máa ń pààrọ̀ ìjókòó tí ọmọ iṣẹ́ bá yíjú sẹ́yìn, kí ọmọ lè wà níwájú kí fọ́tò lè dáa. Ẹ̀yin náà ti rí ohun tí ìjókòó iwájú lè dá sílẹ̀.

Ìbéèrè: Àwa ọ̀rẹ́ fẹ́ jọ so mọ́ra yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé ó burú ni?

Ó burú gan-an. Ní Concord, ní California, lọ́jọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 1997, àwọn ọmọ ilé ìwé gíráàmà kan láti ìlú Napa, tí wọ́n ti fẹ́ parí ilé ìwé, lọ sí páàkì omi kan tí wọ́n ń pè ní Waterworld. Wọ́n fẹ́ mọ iye èèyàn tó lè wọnú síláìdì kan lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ya kọjá lára ọmọ iṣẹ́ tó ń ṣọ́ òkè, wọ́n dí páìpù pa. Síláìdì yẹn já lójijì lókè, gbogbo wọn já bọ́. Ọmọbìnrin kan kú, àwọn 32 fara pa. Ohun tí wọ́n ṣe páìpù yẹn fún ni kéèyàn máa gba inú ẹ̀ kọjá, kì í ṣe kí èèyàn rẹpẹtẹ dúró sójú kan lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ tí wọ́n ń pariwo pé ẹ dúró kí ẹni iwájú jáde tán, ìwúwo náà ni wọ́n ń ṣọ́ yẹn, yàtọ̀ sí pé kẹ́ ẹ má fẹsẹ̀ gbá ara yín lórí.

Ọdún 2022 náà, síláìdì kan já ní Surabaya ní Indonéṣíà tòun ti àwọn èèyàn nínú ẹ̀, wọ́n sì já bọ́ láti ibi tó ga tó bíi mítà 10.

Ìbéèrè: Kí nìdí tí wọ́n fi ní ká dùbúlẹ̀ gbalaja, ká ká ọwọ́ sí àyà, ká sì fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì?

Kí omi má baà ya wọ inú yín nísàlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá balẹ̀. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí àwọn obìnrin ti ṣèṣe gan-an nítorí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì dìde jókòó lójú ọ̀nà, ara yín lè fò sókè níbi tí síláìdì bá ti dagun, tẹ́ ẹ bá na ọwọ́ síta, ó lè kọ́ ibi tí wọ́n ti so páìpù méjì pọ̀.

Ìbéèrè: Nílé lọ́dọ̀ wa ńkọ́, ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ibi ìgbafẹ́ tí kò sí sìkéèlì rárá?

Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ò ní sìkéèlì, síláìdì wọn kì í sábà ga, ṣùgbọ́n ẹ má san owó kẹ́ ẹ tó dúró wò ó ná. Ẹ wò ó bóyá ẹnì kan wà lókè tó ń sọ fún ọmọ pé ó yá, tí ẹlòmíì sì wà nísàlẹ̀ tó lè wẹ̀. Ẹ wo omi tó ń ṣàn lórí ẹ̀, tó bá ń gbẹ níbì kan, ara ọmọ á bó, ẹni tó ń bọ̀ á sì dúró lójijì. Ẹ fọwọ́ tọ́ ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ nísàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí i pé etí kan yọ síta tó lè gé èèyàn, ẹ kó ọmọ yín lọ sí puúlù lásán. Ẹ bi wọ́n pé kílò mélòó ni síláìdì yẹn lè gbà. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tí wọ́n ní "ó lè gba gbogbo èèyàn", ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín gùn ún.