Bíbẹ̀rẹ̀ oúnjẹ aláìlẹ́ran

Oúnjẹ aláìlẹ́ran ni ọ̀nà ìjẹun tí èèyàn fi ń yẹra fún ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ẹran ẹyẹ àti ẹja, tó sì gbé oúnjẹ rẹ̀ ka ọkà, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso àti ẹ̀pà. Àwọn kan ń jẹ ẹyin, wọ́n sì ń mu wàrà mọ́ ọn. Àwọn mìíràn kì í fọwọ́ kan méjèèjì. Ẹ̀sìn ló mú ọ̀pọ̀ èèyàn dé ibẹ̀, àánú ẹranko ló mú àwọn mìíràn, àmọ́ ti ìlera ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nítorí ìlera sábà máa ń ronú nípa ohun tí yóò yọ kúrò nínú àwo, bẹ́ẹ̀ ohun tí yóò fi dípò rẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí lára.

Oríṣiríṣi rẹ̀

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti àwọn tí kì í jẹ ẹran àti ẹja, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń jẹ ẹyin, tí wọ́n sì ń mu wàrà. Òmíràn gba wàrà láàyè, kò gba ẹyin. Òmíràn gba ẹyin, kò gba wàrà. Àwọn tí wọ́n ń pè ní vegan kì í jẹ ohunkóhun tó bá ti ara ẹranko jáde, títí kan oyin. Ẹni tó fi ẹran sílẹ̀ tó ṣì ń jẹ ẹja kò tíì di aláìjẹran pátápátá, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń jẹran lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ń gbà kọjá, kò sì sí aburú níbẹ̀.

Ìtàn ní ṣókí

Àìjẹran ti pẹ́ láyé. Ní Íńdíà, àwọn ẹlẹ́sìn Jain kì í jẹran rárá nítorí pé ìlànà wọn ni láti má ṣe ẹ̀dá alààyè kankan léṣe, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù àti ti Búdà náà sì ń pa á mọ́. Ní Yúróòpù, orúkọ Pythagoras, amòye ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ni wọ́n so mọ́ ọn, débi pé ọmọlẹ́yìn Pythagoras ni wọ́n ń pe ẹni tí kì í jẹran títí wọ ọ̀rúndún 19. Ní 1847 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Vegetarian Society sílẹ̀ ní ìlú Ramsgate nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1944, Donald Watson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Vegan Society sílẹ̀ nítorí pé wàrà àti ẹyin pàápàá kò bá ìlànà wọn mu.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Ìwádìí EPIC-Oxford, tó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1993, wà lára àwọn tó ti pẹ́ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àbájáde rẹ̀ tó jáde ní 2019 sọ pé ewu àrùn ọkàn tí òpó ẹ̀jẹ̀ dídí ń fà fi nǹkan bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lára àwọn tí kì í jẹran. Nínú àbájáde yẹn kan náà, ewu rọpárọsẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lára wọn, pàápàá oríṣi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà sínú ọpọlọ. Ní 2020, ìwádìí náà tún rí i pé egungun àwọn vegan máa ń ṣẹ́ ju ti àwọn tó ń jẹran lọ, ó sì jọ pé àìtó kálísíọ̀mù àti purotéènì wà lára ohun tó fà á. Àwọn tó ń polówó àìjẹran kì í sábà dárúkọ apá kejì yìí.

Ní Amẹ́ríkà, Yunifásítì Loma Linda ní California bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn ọmọ ìjọ Adventist tó lé ní 90,000 láti 2002. Nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, ìdá 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń jẹran ló ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, nígbà tó jẹ́ ìdá 2.9 péré láàárín àwọn vegan. Ní 2015, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ẹran tí wọ́n fi iyọ̀, èéfín tàbí kẹ́míkà tọ́jú, bíi sọ́séèjì àti ham (ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀), ń fa jẹjẹrẹ, àti pé jíjẹ gíráàmù 50 rẹ̀ lójoojúmọ́ ń fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá.

Ó yẹ ká fara balẹ̀ ka irú ìṣirò báwọ̀nyí. Àwọn tí kì í jẹran sábà máa ń dín sìgá àti ọtí kù, wọ́n ń ṣe eré ìdárayá, wọn kì í sì í sábà sanra jù. Kò rọrùn láti mọ ibi tí iṣẹ́ oúnjẹ parí sí àti ibi tí iṣẹ́ àwọn ìwà yòókù ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé bí àgbàlagbà bá ṣètò oúnjẹ aláìlẹ́ran dáadáa, ó lè fún un ní gbogbo èròjà tí ara rẹ̀ ń fẹ́. Gbólóhùn náà wà lórí ìṣètò. Ẹni tó ń jẹ ọ̀dùnkún díndín, búrẹ́dì funfun àti bisikíìtì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò jẹran lóòótọ́, àmọ́ kò rí àǹfààní kankan jẹ.

Fífi nǹkan dípò ẹran

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí èèyàn wo oúnjẹ tó ti mọ̀ ọ́n sè, tí ara ilé rẹ̀ sì ti ń jẹ, kó yọ ẹran inú rẹ̀, kó fi ẹ̀wà, ẹyin, tófù (wàrà sóyà tí wọ́n mú dì) tàbí olú dípò. Ẹni tó bá kó gbogbo oúnjẹ àtijọ́ dànù lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tó wá ń wá èròjà tí kò mọ̀ rí kiri, kì í sábà pẹ́ kó tó padà sídìí ẹran. Àwọn kan máa ń fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó fi òmíràn kún un.

Purotéènì ni ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń kọ́kọ́ béèrè, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló le jù. Àgbàlagbà nílò nǹkan bíi gíráàmù 0.8 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀n. Ẹni tó wọn kílò 60 á nílò nǹkan bíi 48 lóòjọ́. Ẹyin ńlá kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6, ife wàrà sóyà kan ní bíi 7, gíráàmù 100 lẹ́ntìlì (irú ẹ̀wà kékeré pẹlẹbẹ kan) sísè sì ní bíi 9. Èròjà kan tó wà lára ohun tó para pọ̀ di purotéènì, tí wọ́n ń pè ní lysine, kò pọ̀ nínú ọkà, ó sì pọ̀ nínú ẹ̀wà. Methionine, irú èròjà bẹ́ẹ̀ mìíràn tí kò pọ̀ nínú ẹ̀wà, ni ọkà sì ní. Nígbà kan, wọ́n máa ń sọ pé dandan ni kí méjèèjì bára wọn nínú àwo kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀: bí èèyàn bá ti jẹ wọ́n lọ́jọ́ kan náà, ó ti tó.

Nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀wà ni yóò gbé púpọ̀ nínú ẹrù ẹran, ó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Rírẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, kí a da omi náà nù, kí a sì fi omi tuntun sè é, máa ń dín àkókò tó ń lò lórí iná kù, ó sì ń dín afẹ́fẹ́ inú kù. Ẹ̀wà pupa oníhóró ńlá tó rí bíi kíndìnrín gba ìṣọ́ra pàtàkì. Májèlé kan wà nínú rẹ̀ tó lè mú kí èèyàn máa bì, kó sì máa yàgbẹ́ gbuuru láàárín wákàtí díẹ̀. Hóró mélòó kan tí kò jinná ti tó láti fa èyí. Ó yẹ kó wà nínú omi fún wákàtí márùn-ún ó kéré tán, kó sì hó yaya lórí iná fún ìṣẹ́jú 30. Ìkòkò iná mànàmáná tó ń fi ooru kékeré se nǹkan díẹ̀díẹ̀ kò bá a mu, nítorí ooru rẹ̀ lè má tó pa májèlé náà. Ti inú agolo ti jinná tẹ́lẹ̀. Kí a kàn fi omi ṣàn án kí iyọ̀ rẹ̀ lè dín kù.

Àwọn èròjà tó lè tètè dín kù

Fítámìn B12 ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo wọn. Àgbàlagbà nílò máíkírógíráàmù 2.4 lóòjọ́, kò sì sí ewébẹ̀ tàbí èso tó ṣeé gbára lé fún un. Ẹyin àti wàrà ní díẹ̀. Ẹni tí kò bá jẹ méjèèjì gbọ́dọ̀ lo oògùn oníhóró tàbí kó jẹ oúnjẹ tí wọ́n fi B12 kún. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ẹ̀dọ̀ lè ti kó èyí tí yóò lò fún ọdún mélòó kan pa mọ́. Ara á le, ẹni náà á sì gbà pé òun kò nílò rẹ̀. Nígbà tó bá tán, ẹ̀jẹ̀ ò ní tó mọ́, á máa rẹ èèyàn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa kú, á sì máa gún bí abẹ́rẹ́. Bí ó bá pẹ́ jù kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀, ìpalára tó ṣe fún iṣan ìmọ̀lára lè má lọ mọ́. Folate, fítámìn kan tó pọ̀ nínú ẹ̀fọ́, tún lè bo àìtó ẹ̀jẹ̀ náà mọ́lẹ̀ nígbà tí iṣan ń bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀.

Irin (iron), èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tó wà nínú ewébẹ̀ àti ẹ̀wà kì í tètè wọ ara bíi ti inú ẹran. Fítámìn C ló ń ràn án lọ́wọ́, nítorí náà ọsàn, tòmátò tàbí ata tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà ń ṣe iṣẹ́ gidi. Tíì àti kọfí ń dí i lọ́wọ́. Ó sàn kí èèyàn jẹun tán, kó dúró fún bíi wákàtí kan kó tó mu wọ́n. Àwọn obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù ni irin máa ń dín kù lára wọn jù. Rírẹ ẹ̀wà àti ọkà, mímú kí wọ́n hù tàbí kí wọ́n kan ń mú kí síǹkì àti irin inú wọn rọrùn fún ara láti gbà.

Kálísíọ̀mù wà nínú wàrà, nínú wàrà sóyà tí wọ́n fi í kún, àti nínú tófù tí wọ́n fi kálísíọ̀mù mú dì. Ewébẹ̀ spinach ní púpọ̀ lórí ìwé, àmọ́ díẹ̀ bíńtín ni ara ń rí gbà nínú rẹ̀. Áyódíìnì náà jẹ́ èròjà tí ara nílò, iyọ̀ tí wọ́n fi í sí sì ti yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ti ọ̀rá omẹ́gà-3, hóró flax, chia àti walnut ní oríṣi kan, àmọ́ díẹ̀ ni ara ń sọ di irú ti inú ẹja. Òróró tí wọ́n fún láti ara ewédò ní irú ti ẹja gan-an.

Ikùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Inú wíwú àti afẹ́fẹ́ ló ń lé ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ sá. Ẹ̀wà àti ọkà tí wọn kò bó èèpo rẹ̀ ní fáíbà (okùn inú oúnjẹ tí ikùn kì í lè dà) púpọ̀, àwọn kòkòrò inú ìfun kò sì tíì mọ̀ ọ́n lára. Kí èèyàn fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó sì máa mu omi dáadáa, nítorí fáíbà láìsí omi ń fa àìrígbẹ́yà. Lẹ́ntìlì tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ àti tófù rọrùn fún ikùn ju ẹ̀wà oníhóró ńlá lọ.

Ẹran tó fara pamọ́

Gelatin, tí wọ́n ń fi awọ àti egungun ẹran ṣe, wà nínú ọ̀pọ̀ súìtì tó rọ̀ àti nínú èèpo oògùn oníkápúsù. Wàràkàṣì kan wà tí wọ́n fi èròjà láti inú ikùn ọmọ màlúù mú dì. Kóró amọ́bẹ̀dùn lè ní ẹran nínú, àwọ̀ pupa tí wọ́n kọ E120 sí lára páálí sì wá láti ara kòkòrò. Ibi tí wọ́n to àwọn èròjà sí lára páálí ló yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe àwòrán ewé tó wà níwájú rẹ̀. Àwọn oúnjẹ tí wọ́n ṣe bí ẹran láìsí ẹran nínú wúlò fún ẹni tí àárò ẹran ń sọ, àmọ́ iyọ̀ inú ọ̀pọ̀ wọn kì í kéré.

Àwọn tó yẹ kó kọ́kọ́ rí dókítà

Aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn àti ọmọdé lè jẹ oúnjẹ yìí, àmọ́ ó yẹ kí onímọ̀ oúnjẹ bá wọn ṣètò rẹ̀, pàápàá ọ̀rọ̀ B12 àti irin. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ nílò kí wọ́n máa wo ìwọ̀n ṣúgà rẹ̀, torí oògùn àtijọ́ lè pọ̀ jù fún oúnjẹ tuntun. Ẹ̀wà, èso àti ẹ̀fọ́ kan ní potásíọ̀mù tó lè pọ̀ jù fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀fọ́ eléwé tútù ní fítámìn K, tó ń dín agbára warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kù. Ẹni tó ń lo oògùn náà kò ní láti pa ẹ̀fọ́ tì, àmọ́ kó máa jẹ ìwọ̀n kan náà lójoojúmọ́, kó sì sọ fún dókítà kó tó yí oúnjẹ rẹ̀ padà.