Aṣọ funfun tó wà nínú ọ̀rọ̀ "candidate"

Ní Ìlọrin, candidate ni wọ́n ń pe ọmọ tó tò sẹ́nu ọ̀nà ibi ìdánwò JAMB. Tí ìbò bá dé, ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ló máa wà lábẹ́ àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri láti Ọjà Ọba títí dé Post Office. Olùdíje ni Yorùbá ń pè é, ìdíje sì hàn gbangba nínú orúkọ náà. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò mú ìdíje dání rárá. Aṣọ ló wà níbẹ̀.

Látìn ni wọ́n ti mú un. Àwọn ará Róòmù ya funfun sí oríṣi méjì: albus ni funfun lásán, candidus ni funfun láúláú tó ń dán. Ara candidus ni candidatus ti jáde, ìyẹn aláṣọ funfun. (Ìjọ Sẹ̀lẹ́ ni ọkàn tiwa á kọ́kọ́ lọ.) Aṣọ ìbora onírun àgùntàn tí wọ́n ń pè ní toga ni ọkùnrin ọmọ ìlú ń wọ̀ nígbà náà, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í funfun délẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ipò á fi ẹfun pa tirẹ̀, kó lè yọ láàárín èrò. Livy òpìtàn kọ ọ́ pé lọ́dún 432 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ aṣọ rẹ̀ di funfun torí ipò mọ́. Ta ló gbọ́?

Aláṣọ funfun yìí á wá máa yí ìlú ká, á máa bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́, ẹrú kan á sì máa sọ orúkọ ẹni tó ń bọ̀ sí i létí, kó lè kí i bí ojúlùmọ̀. Yíyí ká yẹn ni ambitio, tí Gẹ̀ẹ́sì sọ di "ambition". Èyí tó bá a tan, ambitus, ni orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ fífowó ra ìbò. Lọ́dún 63 ṣáájú ìbí Jésù, Cicero, olóṣèlú ará Róòmù, mú òfin wá tó fi lílé kúrò nílùú fún ọdún 10 kún ìyà rẹ̀. "Dìbò kó o sebẹ̀" kì í ṣe ọmọ àná.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fi máa gba candidate ní nǹkan bí ọdún 1600, aṣọ ti bọ́ kúrò lára rẹ̀. Ó ku ẹni tó ń wá nǹkan: ipò, iṣẹ́, lẹ́yìn náà èsì ìdánwò. Gbòǹgbò yẹn kan náà ló bí "candle", torí ìmọ́lẹ̀, àti "candid", tí wọ́n ń lò fún ẹni tí kì í fọ̀rọ̀ pamọ́, ẹni tí Yorùbá máa ní inú rẹ̀ funfun.