Ta ló ní Yorùbá ló ń ba gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o. Kí wọ́n ṣáà ti dárúkọ fífi Yorùbá kọ́ ọmọ nílé ìwé, ẹnì kan á ti fò sókè pé gẹ̀ẹ́sì ọmọ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, kò lè yege WAEC mọ́. Ní November 2025, ìjọba àpapọ̀ gan-an fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ títí dé praimárì kẹfà, wọ́n ní irú ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọmọ fìdí rẹmi nínú WAEC àti JAMB. Ọmọ wo? Èyí tó wọ praimárì kìíní ní 2022, ìgbà wo ló dé WAEC?

Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 nílé ìwé praimárì St. Stephen's 'A', Mọdákẹ́kẹ́, mi ò ní rò ó tán níbí. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ yẹn ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fọ́dún mẹ́fà gbáko, wọn ò sì kẹ́yìn nínú gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tó ń bí mi nínú rèé: àwọn èèyàn rò pé tí tíṣà bá ti fi Yorùbá kọ́ni, kò sí gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Nínú iṣẹ́ Ifẹ̀ yẹn, gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ láti praimárì kìíní, sọ́bújẹ́ẹ̀tì gédégbé ni, tíṣà tó gbọ́ ọ dáadáa ló ń kọ́ wọn. Ohun tí wọ́n yọ kúrò ni kí tíṣà tí gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ ń ta kókó máa fi ṣàlàyé ìṣirò pínpín fún ọmọ tí ò tíì gbọ́ "sit down", tí gbogbo kíláàsì á wá máa pariwo "yes ma" nígbà tí ohunkóhun ò yé ẹnikẹ́ni, tá a wá ń pè é ní ẹ̀kọ́.

Àmọ́ ṣá, mi ò sọ pé oògùn gbogbonìṣe ni. Àwọn ará Ifẹ̀ kọ ìwé tuntun, wọ́n dá tíṣà lẹ́kọ̀ọ́, Ford Foundation sì gbówó sílẹ̀. Ilé ìwé tí ò ní ìwé tí ò ní tíṣà, bóyá ni èdè nìkan lè gbà á. Ajégúnlẹ̀ náà ńkọ́, tí ọmọ Ìgbò, Urhobo àti Yorùbá jọ wà lórí bẹ́ǹṣì kan, èdè ta la fẹ́ mú?

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń sanwó ńlá síbi tí wọ́n ti ń bu owó ìtanràn lé ọmọ torí ó sọ Yorùbá, ẹ kọ́kọ́ lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé kíláàsì, kẹ́ ẹ gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tí tíṣà fúnra ẹ̀ ń sọ, kẹ́ ẹ tó san ti táàmù tó ń bọ̀.