Kèké Mú Tessie: Ìbéèrè Òbí Lórí Ìtàn Kan Tí Wọ́n Ń Kà ní Girama Amẹ́ríkà

Léraléra ni ìròyìn ń ti Amẹ́ríkà wá pé òbí kan ta ko ohun tí wọ́n ń kà ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn kúkúrú kan wà tí awuyewuye lórí rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ rí, èyí ni “The Lottery” tí Shirley Jackson kọ. Òbí wa tí ọmọ rẹ̀ bá mú un wálé lè béèrè àwọn ohun wọ̀nyí.

Ṣé tẹ́tẹ́ oríire ni ìtàn náà dá lé?

Rárá, kèké ikú ni.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà, nǹkan bí 300 ènìyàn péjọ sí gbàgede ìlú láti ṣẹ́ kèké. Àwọn ọmọkùnrin ti ṣa òkúta jọ. Tessie Hutchinson ni ó pẹ́ dé. Ó ti gbàgbé ọjọ́, ó sì sáré dé, ó ń fi épírọ́ọ̀nù nu ọwọ́. Kèké kọ́kọ́ mú ìdílé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ṣẹ́ ẹ láàárín ìdílé náà, òun ni ìwé tí àmì dúdú wà lára rẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lókùúta. Ẹnì kan bu òkúta wẹ́wẹ́ lé Davy, ọmọ rẹ̀ kékeré, lọ́wọ́.

Ṣé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni?

Àròsọ ni. Síbẹ̀, nígbà tí ìwé ìròyìn The New Yorker tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 1948, lẹ́tà tí Jackson gbà lé ní 300, àwọn kan sì ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè lọ wò ó.

Ṣé ìwà ìkà kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ?

Ìdàkejì rẹ̀ ni, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ sí. Àpótí kèké náà ti gbó, igi rẹ̀ ti ń ṣí, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n kan òmíràn. Wọ́n ti gbàgbé èyí tí ó pọ̀ nínú ètò rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé òkúta. Nígbà tí ẹnì kan sọ pé ìlú kan lápá àríwá ń ronú àtipa á tì, Baba Warner tí ó dàgbà jù bú wọn ní òmùgọ̀, nítorí bí a bá ṣẹ́ kèké lóṣù Kẹfà, àgbàdo yóò yọmọ. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún kíláàsì ni pé, nínú gbogbo èrò yẹn, ta ni ó lè sọ pé ó tó? Kí ni ó dé tí Tessie fúnra rẹ̀ kò fi ráhùn títí kèké fi mú ìdílé rẹ̀? Ẹni tí ó mọ Bíbélì yóò rántí Jona, ṣùgbọ́n Jona mọ ohun tí òun ṣe. Tessie kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí ó bá ń wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kiri yóò ṣi ìtàn náà kà.

Ṣé ilé ìwé kan ti fòfin dè é rí?

Fíìmù tí wọ́n fi ìtàn náà ṣe ni. Ní ọdún 1978, ní Forest Lake, ìpínlẹ̀ Minnesota, ìgbìmọ̀ ilé ìwé yọ ọ́ kúrò nígbà tí àwọn òbí kan fẹ̀hónú hàn. Ní 1982, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ dájọ́ pé kí wọ́n dá a padà, nítorí wọn kò lè yọ ọ́ nítorí pé èrò inú rẹ̀ kò tẹ́ wọn lọ́rùn.

Kí ni kí òbí ṣe?

Kí ó kọ́kọ́ ka ìtàn náà tán. Kò gbà tó wákàtí kan. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ síbẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ bóyá ọmọ náà lè ka òmíràn.

Kí ni ó yẹ kí a bẹ̀rù?

Pé ọmọ lè má lanu sọ̀rọ̀ rárá. Ọmọ tí a tọ́ pé kí ó má bá àgbà jiyàn lè jókòó bí ère nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta ko olùkọ́, kí olùkọ́ sì rò pé kò kàwé. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé àyè wà fún èrò tirẹ̀ níbẹ̀, bí ó bá ti lè fi ìka tọ́ka sí ìlà tí ó ti rí i. Ẹ bi í nílé pé ta ni ó bu òkúta lé Davy lọ́wọ́. Jackson kò dárúkọ onítọ̀hún. Kí ọmọ náà sọ ìdí tí ó rò pé kò fi dárúkọ rẹ̀.