Wọn ò rí i nínú téèsì, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lára

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ yìí, torí jàǹbá tó ń ṣe fáwọn èèyàn wa ti pọ̀ jù. Ẹ dé Mushin, ẹ dé Oyingbo, ẹ ó gbọ́ pé lágbájá ní HIV tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n ó ti lọ, àgbo kan ló mu, ó lọ ṣe téèsì, wọn ò rí nǹkan kan mọ́, ló bá jáwọ́ nínú oògùn. Lọ́pọ̀ ìgbà ó ń lo oògùn ọsibítù pọ̀ mọ́ àgbo ọ̀hún ni, oògùn ṣiṣẹ́, àgbo gba ọpẹ́. Ìwé téèsì yẹn ò purọ́ o, àwa la kà á sódì.

Téèsì tí wọ́n ń pè ní viral load, kòkòrò HIV tó ń rìn kiri nínú omi ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń kà. Téèyàn bá ń lo oògùn ẹ̀ dáadáa, iye yẹn á máa wálẹ̀ títí ẹ̀rọ ò fi ní lè kà á mọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ò lè ka ohun tó bá ti dín sí 20 tàbí 50 nínú mìlìlítà ẹ̀jẹ̀ kan, wọ́n á wá kọ undetectable síbẹ̀. Nǹkan ayọ̀ ni. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ tó sì ń lo oògùn ẹ̀ lọ, kò lè kó o ran ẹni tó bá bá sùn, ìyẹn ti dájú. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń ka èèyàn bá wọ ilé kan ní Ebute Metta, tí wọ́n ka gbogbo ẹni tó wà ní kọ́rídọ̀ àti ẹ̀yìnkùlé, ẹni tó ti lẹ̀kùn sùn nínú yàrá, wọn ò kà á, ó sì wà nílé.

Inú àwọn sójà ara tí wọ́n ń pè ní CD4 ni HIV ń wọ̀, á lẹ DNA tiẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń darí ẹ̀, mọ́ ti sójà yẹn, wọ́n á di ọ̀kan. Púpọ̀ nínú àwọn sójà bẹ́ẹ̀ ló máa ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn díẹ̀ tó bá lọ sinmi ni wàhálà, torí ara máa ń fi wọ́n pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n lè rántí àrùn tí wọ́n ti bá jà rí. Bí sójà bá ń sùn, kòkòrò inú ẹ̀ náà ń sùn, kò bí ọmọ, kò jáde. Oògùn wa sì rèé, ìgbà tí kòkòrò bá ń bí sí i ló ń rí i mú.

Ọdún 1997 làwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn: wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti undetectable, wọ́n jí àwọn sójà tó ń sinmi nínú ẹ̀, HIV ààyè jáde. Nínú mílíọ̀nù kan sójà bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ẹyọ kan péré ló gbé e. Wọ́n tún ṣírò ẹ̀ pé tó bá jẹ́ oògùn nìkan la fẹ́ fi dúró kí gbogbo ẹ̀ kú tán, á lé ní 70 ọdún.

Ọ̀rọ̀ ọmọ kan ní Mississippi ló máa ń ká mi lára jù. Wọ́n bí i lọ́dún 2010, ìyá ẹ̀ ní HIV, nǹkan bí 30 wákàtí lẹ́yìn tí wọ́n bí i ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lóògùn, nígbà tó di bí ọdún kan ààbọ̀ wọn ò gbé e wá sí ọsibítù mọ́, oògùn dúró. Ó lé lọ́dún méjì tí wọn ò rí kòkòrò kankan lára ẹ̀. Lọ́dún 2013 gbogbo ayé ń pariwo pé ọmọ yìí ti bọ́. Lọ́dún 2014 HIV padà dé sára ẹ̀. Àwọn dókítà tó mọ iṣẹ́ ló ń wò ó o, ẹ̀rọ tó dáa jù ni wọ́n fi ń wá a. Tí àgbàlagbà bá jáwọ́ pàápàá, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló sábà máa ń yọjú.

Àwọn kan á wá ní òyìnbó ti rí oògùn ẹ̀, wọ́n ń fi pamọ́ ni. Ẹni àkọ́kọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ HIV pátápátá, Timothy Ray Brown, gbogbo ayé ló mọ orúkọ ẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ló ń bá a jà ní Berlin, lọ́dún 2007 àti 2008 wọ́n fún un ní mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíì tí HIV kì í lè wọ sójà ara ẹ̀. Iṣẹ́ yẹn le débi pé ó lè pa èèyàn, torí jẹjẹrẹ ni wọ́n ṣe gbà láti ṣe é. Jẹjẹrẹ yẹn náà ló padà pa á lọ́dún 2020, HIV ò padà rárá. Àwọn míì ń gbìyànjú láti jí kòkòrò tó ń sùn kí wọ́n lè pa á. Wọ́n rí díẹ̀ jí, ṣùgbọ́n iye àwọn tó fara pamọ́ ò dín kù.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, ìgò oògùn ń dún ṣakaṣaka, àwọn kan á tú u sínú nylon káwọn aráalé má bàa gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fúnni ní NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn ìjọba ní Yaba, àti LUTH, ọsibítù ńlá yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, ẹyọ kan lójúmọ́ sì ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tó bá ti jáwọ́, kó padà lọ, kó má jẹ́ kójú ti òun. Kó sọ ìgbà tó ti jáwọ́ gan-an, iye ìgbà tó ti lò ó tó tún dá a dúró, torí kòkòrò lè ti mọ oògùn yẹn lára, ohun tó bá sọ ni dókítà máa fi mọ èyí tó máa fún un.