Àlàfo tí owó ìfẹ̀yìntì kì í dí, àti bí a ṣe ń dí i

Oríṣi ètò owó ìfẹ̀yìntì méjì ló wọ́pọ̀ jù. Nínú ti àkọ́kọ́, agbanisíṣẹ́ tàbí ìjọba ló ṣèlérí iye kan lóṣooṣù títí dọjọ́ ikú, tí wọ́n ṣírò láti ara owó oṣù òṣìṣẹ́ àti iye ọdún tó fi ṣiṣẹ́. Nínú ti èkejì, òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ ń dá owó sínú àkáǹtì tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́; ohun tó bá kó jọ síbẹ̀ ni yóò máa ná. Kò sí èyí tí wọ́n ṣe láti gbọ́ gbogbo bùkátà. Ẹni tó fi ọdún mẹ́jọ tọ́mọ nílé, tàbí tó ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọdún iṣẹ́ rẹ̀ kò ní pé nínú ti àkọ́kọ́, àkáǹtì rẹ̀ yóò sì fẹ́lẹ́ nínú ti èkejì. Àlàfo tó wà láàárín ohun tí ètò náà ń san àti ohun tí ilé ń ná ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí.

Àlàfo náà ní iye, ó sì yẹ kéèyàn mọ iye ọ̀hún kó tó ra ohunkóhun. Kí ó kọ gbogbo ìnáwó oṣù méjìlá sílẹ̀, kí ó yọ èyí tí yóò dópin pẹ̀lú iṣẹ́ kúrò, bí owó ọkọ̀ ibi iṣẹ́, owó ilé-ìwé ọmọ àti gbèsè ilé, kí ó wá fi èyí tí yóò pọ̀ sí i kún un: oògùn, ilé ìwòsàn, owó ẹni tí yóò máa ranni lọ́wọ́ nígbà tí ara bá ti ń di ara àgbà. Oṣù méjìlá gbáko ni, torí ìnáwó tó ń yọjú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí àtúnṣe òrùlé tàbí owó adójútòfò, kì í hàn nínú ìṣírò oṣù kan. Ká ní ó jẹ́ 24,000 lọ́dún, tí owó ìfẹ̀yìntì yóò sì jẹ́ 15,000. 9,000 ni àlàfo.

Èló ni kí èèyàn ní nílẹ̀ kí 9,000 lè máa jáde lọ́dọọdún? Ní 1994, William Bengen, onímọ̀ràn owó kan ní Amẹ́ríkà, yẹ àkọsílẹ̀ ọjà ìdókòwò orílẹ̀-èdè rẹ̀ wò láti 1926. Ó rí i pé ẹni tó ná 4% àpò ìdókòwò rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, tó sì ń fi iye tí ọjà fi wọ́n sí i kún un lọ́dọọdún, owó rẹ̀ tó o fún ọgbọ̀n ọdún ó kéré tán, ì báà jẹ́ ọdún tó burú jù ló fẹ̀yìn tì. 4% túmọ̀ sí pé kí á fi 25 sọ àlàfo di púpọ̀: 9,000 lọ́nà 25 jẹ́ 225,000. Òṣùwọ̀n lèyí, kì í ṣe àdéhùn. Orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ló wò, ọgbọ̀n ọdún ló sì fojú sùn. Ẹni tó fẹ́ kọ́wọ́ ró lẹ́ni àádọ́ta ọdún lè ní ogójì ọdún níwájú. Ó sàn kó fi 30 tàbí 33 ṣe é.

Gbogbo iye yìí jẹ́ iye owó òní. Ọ̀wọ́ngógó ló ń da ìṣírò àwọn tó gbàgbé èyí rú. Bí ọjà bá ń wọ́n sí i ní 6% lọ́dún, ohun gbogbo yóò di ìlọ́po méjì láàárín ọdún méjìlá. Ọ̀nà àbùjá ìṣírò náà ni kí á fi 6 pín 72. Bákan náà, èlé 10% nínú ọdún tí ọjà fi 7% wọ́n sí i, nǹkan bíi 2.8% ni èrè tòótọ́. Nítorí náà, ohun tó rọrùn jù ni kéèyàn ṣe gbogbo ìṣírò ní iye owó òní, kó lo èrè tó kù lẹ́yìn ọ̀wọ́ngógó nìkan, kó sì máa fi iye tí ọjà bá fi wọ́n kún ohun tó ń dá lọ́dọọdún.

Bí èrè tòótọ́ bá jẹ́ 4%, ẹni tó ní ọdún 25 níwájú yóò máa dá 438 lóṣù láti kó 225,000 jọ. Ẹni tó dúró fún ọdún mẹ́wàá kó tó bẹ̀rẹ̀, 914 ni yóò máa dá. Èlé tó ń bí èlé ló fa ìyàtọ̀ yẹn: owó tó kọ́kọ́ wọlé ló ń ṣiṣẹ́ pẹ́ jù. Kí ìdáwó náà máa kúrò nínú àkáǹtì fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé ló dára jù, torí èyí tó bá dúró dé ìparí oṣù kì í pẹ́ rí ohun tí yóò gbé e lọ. Bí owó oṣù bá lé, kí ìdajì àlékún náà tètè wọ ibẹ̀ kí ilé tó mọ̀ ọ́n lára.

Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló ṣíwájú ìdókòwò. Gbèsè tí èlé rẹ̀ ga ni kí á kọ́kọ́ san, nítorí ẹni tó ń san èlé 20% tó tún ń wá èrè 8% ń da omi sínú agbọ̀n ni. Lẹ́yìn náà ni owó pàjáwìrì, ìnáwó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, níbi tí ọwọ́ ti lè tó o láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tí kò ní i ni yóò ta ìpín tó ní nínú ilé-iṣẹ́ nígbà tí ọjà ìdókòwò bá wó, torí ìgbà tí ọjà ń wó náà niṣẹ́ sábà máa ń bọ́. Ẹ̀kẹta: bí agbanisíṣẹ́ bá ń fi owó kún ohun tí òṣìṣẹ́ bá dá, kí á dá a dé ibi tí àfikún náà parí sí. Èrè ojú ẹsẹ̀ ni, kò sí ọjà tó lè fúnni ní irú rẹ̀. Àwọn àkáǹtì tí òfin ti dín owó orí wọn kù ló tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe é fọwọ́ kàn títí dé ọjọ́ orí kan.

Ibi tí owó tó kù ń lọ kò pọ̀. Ìpín nínú ilé-iṣẹ́ sábà máa ń fúnni ní èrè tó ju ọ̀wọ́ngógó lọ bí ọdún bá gùn, àmọ́ ó lè já sí ìdajì láàárín ọdún kan. Index fund ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti ní in: àpò àjọní kan tó ń ra gbogbo ilé-iṣẹ́ tó wà lórí àtòkọ kan, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣa èyí tó wù ú. John Bogle ló gbé èyí tí gbogbo ará ìlú kọ́kọ́ lè rà jáde, ní ilé-iṣẹ́ ìdókòwò Vanguard ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1976.

Bọ́ǹdì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò lóye dáadáa. Ẹ̀yáwó ni: olówó yá ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ ní ojú owó, ó ń gba èlé, ojú owó á sì padà lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ẹni tó mú un dání títí dọjọ́ náà yóò gba ohun tí wọ́n ṣèlérí, bí ẹni tó yá a kò bá jẹ gbèsè náà gbé. Ẹni tó fẹ́ tà á ṣáájú ni wàhálà bá. Ká mú bọ́ǹdì 1,000 tó ń san 50 lọ́dún, kí á sì ní bọ́ǹdì tuntun wá ń san 70. Kò sẹ́ni tí yóò ra ti àtijọ́ ní 1,000 mọ́. Bó bá ku ọdún kan, yóò tà ní nǹkan bíi 981. Bó bá ku ọdún mẹ́wàá, 860 péré ni. Owó tí a máa ná láìpẹ́ kò gbọdọ̀ sí nínú bọ́ǹdì ọlọ́jọ́ gígùn, bó ti wù kí èlé rẹ̀ wuyì tó.

Owó àbójútó ni ìyọnu tí kì í pariwo. Ká fi 100,000 sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún níbi tó ti ń pa 7%. Bí alábòójútó bá ń yọ 0.2% lọ́dún, yóò di nǹkan bíi 720,000. Bó bá ń yọ 1.5%, yóò di 498,000. Nínú ìwé àdéhùn, kí á wá owó ìwọlé, owó ìjáde àti owó alágbàtà, torí gbogbo wọn kì í wà lábẹ́ orúkọ kan náà.

Ẹ má fi owó ogbó sínú ìpín ilé-iṣẹ́ tó ń san owó oṣù yín kó pọ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Enron wó ní Amẹ́ríkà lópin ọdún 2001, iṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì jọ bọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, torí ìpín Enron ló kún inú àkáǹtì wọn. Ilé tí a fi ń gba owó ayálégbé náà ní tirẹ̀: oṣù tó ṣófo, àtúnṣe, àti pé kò sẹ́ni tó lè ta yàrá kan ṣoṣo nígbà tí owó oògùn bá délẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí á dá ìwọ̀n padà sípò. Ẹni tó fẹ́ 60% ìpín àti 40% bọ́ǹdì, tí 60,000 ti di 84,000, tí 40,000 sì di 42,000, ìpín ti kó ìdá méjì nínú mẹ́ta àpò rẹ̀ láìjẹ́ pé ó pète rẹ̀. Yóò ta ìpín 8,400, yóò fi ra bọ́ǹdì.

Nígbà tí owó bá wá ń jáde, ìṣírò náà yí padà, ibẹ̀ sì ni ìmọ̀ràn ti ṣọ̀wọ́n jù. Ẹ wo àwọn méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní 100,000, tó ń mú 6,000 níbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́rin kan náà ni wọ́n rí: 20% àdánù, 5% àdánù, 15% èrè, 25% èrè. Ẹnì kìíní rí i bó ṣe tò yìí, ẹnì kejì rí i láti ìparí sí ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá fọwọ́ kan owó náà, 109,250 ni àwọn méjèèjì ì bá ní. Ṣùgbọ́n ẹnì kìíní ku 78,376, ẹnì kejì ku 88,091. Ìpín tí ẹnì kìíní tà nígbà tí iye rẹ̀ wálẹ̀ kò sí nílẹ̀ mọ́ láti bá ọjà dìde. Ìdí nìyẹn tí ọdún márùn-ún ṣáájú ìfẹ̀yìntì àti ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ fi léwu ju ogún ọdún tó ṣíwájú wọn.

Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ni pé wọ́n ń pín àpò. Àlàfo ọdún méjì sí mẹ́ta á wà lówó tútù tàbí bọ́ǹdì ọlọ́jọ́ kúkúrú, ọdún mẹ́rin sí márùn-ún tó tẹ̀ lé e á wà nínú bọ́ǹdì, ìyókù nínú ìpín. Lọ́dún tí ọjà bá dára, wọ́n á ta lára ìpín láti fi kún àpò àkọ́kọ́. Lọ́dún tó bá burú, wọn kì í fọwọ́ kan ìpín, wọn kì í sì fi àlékún ọ̀wọ́ngógó kún ìnáwó ọdún náà bí ilé bá lè gbà á. Àwọn mìíràn ń fi apá kan ra owó oṣooṣù títí dọjọ́ ikú lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò, tó kàn máa tó oúnjẹ, ilé àti oògùn. Ó dára fún ẹni tí ìdílé rẹ̀ máa ń dàgbà dọ́jọ́ ogbó, àmọ́ kí á béèrè bóyá yóò máa lé pẹ̀lú ọjà. 1,000 tí kì í lé, lẹ́yìn ogún ọdún tí ọjà ń wọ́n ní 4%, ohun tí 456 òní lè rà ni yóò rà.

Èyí tó kù kò gba ju ọ̀sán kan lọ. Ọ̀pọ̀ àkáǹtì ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tí yóò gba owó náà sí bí olówó bá kú. Ní ọ̀pọ̀ ibi, fọ́ọ̀mù yẹn ni ilé-iṣẹ́ ìdókòwò ń tẹ̀ lé, ì báà jẹ́ pé ohun mìíràn ló wà nínú ìwé ìhágún. Kí á yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀, ìbímọ tàbí ikú, kí á sì fi àtòkọ àwọn àkáǹtì náà sí ibi tí ẹnì kan tí a fọkàn tán mọ̀.